Orúkọ Tí Kòm̀pìnnì Fa Ilà Lé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Ìwọ tí ò ń kọ ọ́ sílẹ̀, fún ọmọ yẹn lọ́mú kó tó figbe ta, torí pé ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí n sọ bí Ìlọrin ṣe rí nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọn fèrè létí ìlú. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ gbọ́ nípa ẹṣin ọjọ́ Iléyá, ẹ fẹ́ gbọ́ iye tí a ń ra ẹran. Màá sọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò fi mí sílẹ̀ títí di òní yìí, ìwé ìṣirò kòm̀pìnnì ni.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe èmi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà náà, ìró òfì ni ìlú fi ń jí. Kò sí agbo ilé tí obìnrin kò ti ń hunṣọ. Tí a bá ti kírun àárọ̀ tán, ẹ ó máa gbọ́ ọ lára ògiri, gbì, gbì, gbì, láti ilé dé ilé, bí ẹni pé ilé kan ń dá èkejì lóhùn. Kíjìpá ni èmi ń hun. Tí òwú bá já, màá fi itọ́ pa á pọ̀, ìyá ọkọ mi á ní, "Ìyàwó, itọ́ rẹ ti fẹ́ pọ̀ ju òwú lọ nínú aṣọ yìí." Lónìí, mọ́tò ló ń jí mi, àti rédíò aládùúgbò tí kò mọ̀ pé arúgbó ń bẹ nítòsí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé mo gbọ́ òfì. Màá jókòó, màá dẹtí sílẹ̀, á sì jẹ́ pé àyà mi ló ń lù.

Ilé ọjà kòm̀pìnnì wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó reluwé. Páànù ni wọ́n fi bò ó, ooru inú rẹ̀ kọjá sísọ. Iyọ̀ wà níbẹ̀ nínú àpò, aṣọ wà ní ìgàn ìgàn, òrí àti ẹ̀pà àti awọ ẹran tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun kún ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra nǹkan ní Ọjà Tuntun, owó ni ẹ kọ́kọ́ ń kó sílẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ gbé ọjà. Nígbà tiwa, ọjà ló ń kọ́kọ́ jáde. Kòm̀pìnnì á fi iyọ̀ àti aṣọ lé ọkùnrin lọ́wọ́, ọkùnrin náà á dì í sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, á sọdá Odò Ọya lọ sí ilẹ̀ Tápà àti òkè rẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó lè tó oṣù mẹ́fà, kó tó kó òrí àti ẹ̀pà bọ̀ wá fi san án. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju ìwé Alfa Búsàrí lọ.

Alfa Búsàrí ló ń ṣe ìwé fún kòm̀pìnnì kí akọ̀wé tó kàwé òyìnbó tó dé. Orí awọ àgbò ló ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ èdè wa, láti ọ̀tún sí òsì: orúkọ ọkùnrin, ohun tó gbà, àti ní ìparí, "ó wà lọ́nà." Tí ẹni náà bá dé tó sanwó, á kọ ọ́ pé ó dé. Tí kò bá tíì dé, ó wà lọ́nà náà nìyẹn, bó tó ọdún mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló ń mú kí Alfa fa ilà lé orúkọ ènìyàn. Kí ó ti tẹ̀ lé òkú rẹ̀ dé ibojì ni, kí ó ti kírun sí i lára. Á wá dé ilé ọjà, á ní kí Ọlọ́run forí jì í, á fa ilà náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ pé Alfa ti fa ilà lé lágbájá, ẹ kò ní béèrè ìdí, ẹ ó kàn béèrè ìgbà tí wọ́n ń ṣe àdúrà.

Nígbà tí akọ̀wé náà dé, Alfa kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, á ka ìwé náà fún akọ̀wé, òun á sì kọ ọ́ ní èdè òyìnbó ránṣẹ́ sí olú ilé kòm̀pìnnì. Iyọ̀ tó wà nínú yàrá àti iyọ̀ tó wà lọ́nà, kíkà kan náà ni. Nínú ìwé, olówó ni ilé ọjà Ìlọrin.

Ọkọ mi wà lára àwọn tó wà lọ́nà. Yàkúbù lorúkọ rẹ̀. Ẹ wò ó, mo pè é báyìí, ara mi ṣì ń gbọ̀n. Obìnrin kì í dá orúkọ ọkọ rẹ̀ nígbà náà. Bàbá Ràfátù ni mo ń pè é, torí Ràfátù ni ọmọ tí a bí. Lẹ́yìn Iléyá kan ló gba àpò iyọ̀ mẹ́rin àti ìgàn aṣọ mẹ́ta, ọmọ wà lẹ́yìn mi, kò tíì mọ ìrákò. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó ní, "Kí èyí tó máa rìn, mo ti dé."

Ràfátù rìn. Ràfátù sọ̀rọ̀. Ọkọ mi kò dé. Ẹnìkan ní òun rí i ní Bídà, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ẹlòmíràn ní rárá, wọ́n ń la ọ̀nà reluwé lókè lọ́hùn-ún, òun rí i níbẹ̀ tó ń ru òkúta. Ọdún Iléyá méjì kọjá. Ẹ rántí pé mo ní màá sọ ti Iléyá: ẹṣin á ti máa jó wọ ìlú láti Yídì, àwọn obìnrin á máa ké sí ọba, eruku á bo gbogbo wa títí a kò ní dá ara wa mọ̀. Tí a bá délé, ìyá ọkọ mi á gé ìpín ọmọ rẹ̀ lára àgbò, á fi í sórí àjà tí èéfín ń gbà. Tí ọdún mìíràn bá fẹ́ dé, á sọ ọ́ kalẹ̀, á fi ṣe sàráà, á gbé tuntun síbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni òyìnbó ayẹ̀wéwò dé láti olú ilé kòm̀pìnnì. Ọjọ́ tó dé, òrí ti yọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nítorí ooru, ó gbé ẹsẹ̀ lé e, ó yọ̀, ó sì fi ìdí lulẹ̀ pẹ̀lú fìlà àti àpò ìwé rẹ̀. Àwọn aláàárù yí ojú sí ògiri kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Alfa Búsàrí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu," ó nawọ́ sí i. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ fi ìṣubú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tó mú wá, òun ni mo ń bá yín sọ.

Akọ̀wé ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó yá, ọmọ Abẹ́òkúta ni, ọmọdékùnrin tó níwà. Ó ní àwọn tó fi owó wọn dá kòm̀pìnnì sílẹ̀ lókè òkun ló bínú. Gbogbo ìwé ń sọ pé ọrọ̀ wà ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, owó kò sì wọlé. Ni wọ́n bá ní láti ọdún yẹn lọ, ọ̀nà kan náà ni gbogbo ilé ọjà á máa gbà ṣe ìwé, Ìlọrin, Èkó, gbogbo rẹ̀. Òrí tó wà nílẹ̀, kí wọ́n má kọ iye tí wọ́n rà á mọ́ tí owó rẹ̀ bá ti wálẹ̀ lọ́jà. Iye tí wọ́n lè tà á lónìí ni kí wọ́n kọ. Ọjà tó bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó kọjá ọdún kan tí kò san nǹkan kan, kí wọ́n má kà á mọ́ ọrọ̀. Kí wọ́n fa ilà lé e, kí wọ́n kọ ọ́ sí àdánù.

Mo ti rò ó títí, n kò lè sọ pé òfin náà jẹ́ ti òmùgọ̀. Òótọ́ ni wọ́n fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò gbé abẹ́rẹ́ jáde nínú ilé ọjà, síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ilé ọjà Ìlọrin ti di òtòṣì.

Orúkọ mọ́kànlá ni ilà bọ́ sí. Wọ́n ní Alfa Búsàrí bẹ òyìnbó pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ "ó pẹ́ lọ́nà" síbẹ̀. Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀, òyìnbó mirí. Alfa fa ilà mọ́kànlá náà, ó nu kálámù rẹ̀, ó ká awọ àgbò rẹ̀ lọ sílé. Kò padà wá mọ́. Ilé ló jókòó sí, ó ń ka Kùránì fún orúkọ kọ̀ọ̀kan títí Ọlọ́run fi pè é.

Àwọn aláàárù ló gbé ìròyìn ilà náà dé ìgboro. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ilé wa ti kún. Òfì ni mo wà nídìí rẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Sùlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, fi wọlé pẹ̀lú àwọn àgbà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀ nídìí òfì. Yàkúbù ti lọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Alfa ti fa ilà lé e."

"Ṣé Alfa rí òkú rẹ̀ ni?"

"Kòm̀pìnnì ní wáyà. Ṣé o kò rí okùn tó gba ojú ọ̀nà reluwé kọjá ni? Wáyà ti sọ fún wọn láti òkè lọ́hùn-ún. Àwọn mọ́kànlá ni wọ́n kú."

Ẹ má dá a lẹ́bi. Gbogbo wa la gbà pé okùn yẹn ń sọ ohun gbogbo fún òyìnbó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúrà ní ilé wa ni wọ́n ń ṣe é ní ilé mẹ́wàá mìíràn, ìgbe ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rántí tí ẹnikẹ́ni kò hunṣọ ní Ìlọrin.

Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà Ẹ̀gbọ́n Sùlé á ṣú mi lópó. Kì í ṣe ìwà ìkà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ọmọ má baà jìyà. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò sunkún. Ó fà mí wọ yàrá, ó ní, "Mo bí i, ara mi kò sọ fún mi pé ó kú. Lọ béèrè lọ́wọ́ wọn."

Bí mo ṣe gbé Ràfátù pọ̀n nìyẹn, mo gba ilé ọjà lọ. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì, inki ti ta sí i lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, Bàbá Ràfátù kú àbí kò kú?"

"Ta ni Bàbá Ràfátù?"

N kò lè dá orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ní, "Ìyá, orúkọ mọ́kànlá ni. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Mo wo ilẹ̀, mo sọ ọ́. "Yàkúbù." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi.

Ó ṣí ìwé. "Áà. A kò sọ pé ó kú o. Àwa kò mọ ibi tó wà. A kàn ní a kò lè kà á mọ́ ni."

"Ẹ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò kú."

Ó wo ojú ewé náà títí. "Ìyá Ràfátù, kò síbi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí."

Omi bọ́ lójú mi. Àánú mi ṣe é, mo rí i. Ó ní kí n jókòó lórí àpò iyọ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Tí owó bá wọlé lórí orúkọ tí a ti fa ilà lé, òfin ní kí a tún un kọ sí ojú ewé tuntun. Ẹni tó bá sì san ohunkóhun láàárín ọdún, a kò gbọ́dọ̀ fa ilà lé e."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun."

Ṣílè kan wà ní ìdí aṣọ mi, owó òwú. Mo tú u, mo gbé e sórí tábìlì. Ó tún orúkọ ọkọ mi kọ sí ojú ewé tuntun, ìṣojú mi ló ti kọ ọ́, inki rẹ̀ ń dán. Mo dúró títí ó fi gbẹ.

Nígbà tí mo délé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti kọ ọ́ padà." Ó ní irọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ lọ béèrè, ó sì bọ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n gbá létí. "Wọ́n ní ó san ṣílè kan lánàá," ó ní. "Ṣé òkú ń sanwó ni?" Ìyá ọkọ mi dáhùn láti inú yàrá pé, "Ìwọ tí o wà láàyè, mélòó lo san?" Àwọn àgbà tú ká. Opó kò ṣeé bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń hunṣọ san gbèsè ọkọ mi nìyẹn. Ní àárín rẹ̀ ni Sàká dé. Sàká wà lára àwọn mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ló dùn ún ní ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó jinná. Ó wọ ìlú lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, àwọn ọmọ tirẹ̀ rí i, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, wọ́n ń kígbe pé òkú ń bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti wà nílé ọkọ mìíràn, ó ti lóyún. Sàká dúró lójúde, ó ń sọ pé, "Èmi ni o, ẹ wá fọwọ́ kàn mí." Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó mú owó kòm̀pìnnì lọ fún wọn pérépéré. Akọ̀wé sọ fún mi pé inú wọn dùn ní olú ilé, wọ́n kọ ọ́ sí èrè tí a kò retí. Sàká gbé ní àdúgbò Gàm̀bàrí fún ọdún díẹ̀ sí i. Tí a bá pàdé lọ́nà, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi, kíákíá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé n kò ní dáhùn.

Gbèsè náà tó pọ́ùn mẹ́ta àti díẹ̀. Mo fi ọdún méjì àti ààbọ̀ san án. Ọjọ́ tó ku sísì kan, akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti mú kálámù. "Ìyá Ràfátù, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ mú un wá, ká pa ojú ewé yìí dé."

Sísì náà wà lọ́wọ́ mi, ó gbóná. Mo ní, "Tí ẹ bá pa á dé, orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó parí nìyẹn. Kò ní sí nínú ìwé ọdún tó ń bọ̀."

Mo dì í padà sídìí aṣọ. Mo fún un ní ònínì kan, ẹyọ kékeré tó nihò láàárín, tí mẹ́wàá rẹ̀ ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ó wò mí. Ó kọ ọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ònínì kan lọ́dún ni mo ń san lórí orúkọ Yàkúbù. Ọdún mẹ́rin. Tí mo bá ti ń bọ̀, akọ̀wé á ti ṣí ojú ewé náà sílẹ̀. Ó ní àwọn ará olú ilé ti kọ̀wé béèrè pé irú oníbàárà wo nìyí, òun sì dá wọn lóhùn pé ó ń san gẹ́gẹ́ bí òfin.

Ṣùgbọ́n ilé ọjà náà ń kú lọ. Láti ìgbà tí ìwé ti ń sọ òótọ́ tuntun yẹn, àdánù ni Ìlọrin ń fi ránṣẹ́. Wọ́n dá fífi ọjà lé ènìyàn lọ́wọ́ dúró. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò rí iyọ̀ gbé sọdá odò mọ́, òrí kò bọ̀ mọ́, ẹ̀yìn ilé ọjà ṣófo títí aláǹtakùn fi kọ́lé síbẹ̀. Kí ẹ tó wí, ìwé dé pé kí wọ́n tì í.

Akọ̀wé ránṣẹ́ pè mí. Ó ń di ìwé sínú àpótí. Àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀.

"Reluwé ọjọ́ Àlàmísì ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ojú ewé kankan kò gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí. Tí wọ́n bá san án, ó parí. Tí wọn kò bá san án, màá fa ilà lé e sí àdánù. N kò rí ẹ̀kẹta, Ìyá Ràfátù. Mo ti wá a." Ó fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n fi owó tèmi san án."

Ràfátù ti ń pọnmi nígbà náà. Mo ń gbọ́ bí páànù ṣe ń ta nínú oòrùn. Mo ń ronú pé ibi tó bá wà, bó bá jẹ́ abẹ́ ilẹ̀, bó bá jẹ́ ilé obìnrin mìíràn, n kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí àdánù.

Mo ní, "Ẹ má fi tiyín san án." Mo gbé sísì sórí tábìlì. Ó ṣírò rẹ̀, ó ka ònínì mẹ́rin padà fún mi, torí mo ti san mẹ́rin tẹ́lẹ̀. Ó kọ ọ́. Ó yí ìwé náà sí mi kí n lè rí i, èmi tí n kò mọ̀wé. Kò sí ilà lórí rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi wà lójúde nígbà tí mo dé. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn mi.

"Wọ́n ti tì í?"

"Wọ́n ti tì í, Ìyá. Ó san gbogbo rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan mọ́."

Ó mi orí. Ó dìde, ó dá omi sínú ìkòkò, ó gbé e kaná fún mi láti wẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀ tán, ó mú aṣọ opó jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ilà, a kò sọ ọ́ fún ara wa. Ẹ̀gbọ́n Sùlé wọlé, ó rí aṣọ náà lára mi, ó jókòó sílẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ìyá tẹ́ ẹní fún mi, ó ní kí n kọjú sí ògiri kí n lè sinmi. Mo yí ẹní náà padà. Fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹnu ọ̀nà ni mo kọjú sí.